Ọwọ́ Ló Ni Sàrí Kanchipuram

Ìlú Kanchipuram wà ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Íńdíà, nǹkan bíi kìlómítà 75 sí Chennai tí í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ohun méjì ni ayé fi mọ̀ ọ́n: tẹ́ḿpìlì àti aṣọ. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kà á mọ́ ìlú mímọ́ méje tí Íńdíà ní, wọ́n sì tún máa ń pè é ní ìlú ẹgbẹ̀rún tẹ́ḿpìlì. Ní ti aṣọ, sàrí ṣẹ́dà tí wọ́n ń hun níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní gúúsù Íńdíà gbà pé ó yẹ ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí ó tilẹ̀ gba pé kí wọ́n yáwó kí wọ́n tó lè rà á. Nítorí pé tẹ́ḿpìlì àti aṣọ jọ wà lójú kan, ìtàn tí àwọn oníṣòwò máa ń sọ fún oníbàárà ni pé sàrí náà ti dàgbà tó tẹ́ḿpìlì, pé bí wọ́n ṣe ń hun ún láyé àwọn ọba Pallava tó jẹ níbẹ̀ láyé àtijọ́ ni wọ́n ṣe ń hun ún títí dòní, àti pé pípẹ́ tó ti pẹ́ àti wúrà ara rẹ̀ ló sọ ọ́ di iyebíye. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó para pọ̀ di sàrí Kanchipuram, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó hun ún nìkan ló jẹ́ ti Kanchipuram. Bí òfin, oníṣòwò àti oníbàárà bá wá ń dáàbò bo orúkọ aṣọ náà, tí wọn kò sì san owó tó tọ́ fún ọwọ́ yẹn, orúkọ lásán ni yóò kù.

Ẹ jẹ́ ká tú aṣọ náà wò. Ṣẹ́dà rẹ̀ kò ti Kanchipuram wá. Ìpínlẹ̀ Karnataka ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin igi mulberry, tí wọ́n ń já ewé rẹ̀ fún kòkòrò tó ń ṣe ṣẹ́dà jẹ. Ìlú Ramanagara, tí kò jìnnà sí Bengaluru, ni ọjà ńlá tí wọ́n ti ń ta ilé tí kòkòrò náà fi òwú kọ́ sí ara rẹ̀ wà. (Kòkòrò yìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn ahunṣọ tiwa ń fi òwú rẹ̀ hun sányán, inú igbó ni tiwa ń gbé, àwọn ará Íńdíà sì ń sin tiwọn nínú ilé bí ẹni ń sin adìẹ.) Òwú oníwúrà tí wọ́n ń pè ní zari, ìlú Surat ní ìpínlẹ̀ Gujarat ló gbajúmọ̀ jù fún un: wọ́n á fi wáyà fàdákà tín-ín-rín wé òwú ṣẹ́dà, wọ́n á sì fi wúrà díẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ìjọba Tamil Nadu náà dá ilé iṣẹ́ zari sílẹ̀ ní Kanchipuram, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wa fàdákà tàbí wúrà nínú ilẹ̀ ìlú náà. Ní ti àwọ̀, aró ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń lò jù lónìí. Àwọn kan ń sọ pé omi odò Palar ló ń mú kí aṣọ náà dán bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni odò ọ̀hún ń gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ẹ̀gbin ilé iṣẹ́ awọ tó wà lókè odò, lápá Vellore, sì ti ba omi rẹ̀ jẹ́. Sàrí náà kò tíì pàdánù dídán rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà ń fẹ́ àtúnyẹ̀wò. Pé Kanchipuram ti pẹ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Olú ìlú ìjọba Pallava ni, Xuanzang, onísìn Búdà ará Ṣáínà, sì dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún keje. Tẹ́ḿpìlì Kailasanathar, tí ọba Narasimhavarman Kejì fi òkúta kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹjọ, ṣì dúró. Ilé ìṣọ́ ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì Ekambareswarar, tí wọ́n kọ́ láyé ọba Krishnadevaraya ti Vijayanagara ní 1509, ga tó nǹkan bíi mítà 59. Pé àwọn ahunṣọ ti wà nínú ọ̀ràn tẹ́ḿpìlì láti ìgbà pípẹ́, òótọ́ ni ìyẹn náà. Onímọ̀ ìtàn Vijaya Ramaswamy, tó kọ̀wé lórí aṣọ àti ahunṣọ gúúsù Íńdíà láyé àtijọ́, fi àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri tẹ́ḿpìlì hàn wá: àwọn ahunṣọ ń san owó orí lórí òfì, wọ́n ń ta tẹ́ḿpìlì lọ́rẹ, àwọn Kaikkolar, ẹ̀yà ahunṣọ kan ní Kanchipuram, sì lágbára débi pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti fun ìkarahun àti láti gun àga tí ènìyàn ń gbé léjìká. Ẹ̀tọ́ ìjòyè nìyẹn láwùjọ wọn. Àwọn ahunṣọ ìlú mìíràn fi tiwọn ṣe àwòkọ́ṣe nígbà tí àwọn náà ń bèèrè fún irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ahunṣọ àtijọ́ ọ̀tọ̀, sàrí tí à ń wí yìí ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ sísin kòkòrò ṣẹ́dà ní Mysore, tó jẹ́ gbòǹgbò ti Karnataka òde òní, láyé ọba Tipu Sultan ló fìdí múlẹ̀, ìyẹn láàárín 1782 sí 1799. Òwú oko (cotton) ló pọ̀ lórí àwọn òfì agbègbè Kanchipuram kí ṣẹ́dà tó gbalẹ̀. Aarti Kawlra, tó tẹ ìwé jáde ní 2018 lórí àwọn Padma Saliyar, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ahunṣọ Kanchipuram, jẹ́ kó yé wa pé ọwọ́ ọ̀rúndún ogún pọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní àṣà àtayébáyé yìí. Nígbà tí Rukmini Devi Arundale, tó dá ilé ẹ̀kọ́ ijó Kalakshetra sílẹ̀ ní Chennai, ṣí ibi ìhunṣọ síbẹ̀ ní 1937, ṣe ló ń wá ọnà àtijọ́ kiri kó lè dá wọn padà sára aṣọ. Ẹni tó ń wá nǹkan kiri, nǹkan ọ̀hún ti ń bọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Aṣọ tí àwọn ènìyàn mú dàgbà láàárín ìran mẹ́rin márùn-ún, tí wọ́n fi ìrísí tẹ́ḿpìlì, ẹyẹ ọ̀kín, máńgòrò àti ẹyẹ olórí méjì ṣe ọnà sí, ní iyì tó tó láìsí pé a purọ́ ọjọ́ orí mọ́ ọn. Ibi tí irọ́ náà ti ń ṣe ìpalára ni pé ó ń mú kí oníbàárà rò pé àṣà ló hun aṣọ náà, bí ẹni pé àṣà kì í jẹun, kì í sanwó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ wo gan-an ni mò ń sọ? Sàrí gùn tó nǹkan bíi mítà márùn-ún ààbọ̀. Ó ní inú, ó ní etí méjì tó gba gígùn rẹ̀ já, ó sì ní ìpẹ̀kun tí obìnrin ń gbé kọ́ èjìká, tí wọ́n ń pè ní mundhi. Nínú sàrí Kanchipuram tó pé, inú lè jẹ́ àwọ̀ ewé, kí etí àti mundhi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kí àwọ̀ kan má sì yọ́ wọnú èkejì rárá. Bí ọkọ̀ ìhunṣọ kan ṣoṣo bá ń gbé òwú láti etí kan dé èkejì, àwọ̀ òwú náà yóò wọ inú etí, pupa kò ní í pọ́n dáadáa mọ́. Nítorí náà, ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò: ọ̀kan fún inú, ọ̀kan fún etí kọ̀ọ̀kan. Ahunṣọ jókòó sídìí òfì, olùrànlọ́wọ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni yìí ju ọkọ̀ tirẹ̀, ẹni yẹn ju tirẹ̀ padà. Ní ibi tí etí ti pàdé inú, òwú méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́ ara wọn, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, láti ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ dé òpin. Korvai ni wọ́n ń pe ìsopọ̀ yìí. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá dẹ̀ nígbà tí ti èkejì le, ojú ìsopọ̀ á fún pọ̀ tàbí kó lanu. Kò sí bí ẹnì kan ṣe lè dá a ṣe kó yá.

Nígbà tó bá kan mundhi, iṣẹ́ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Òwú tí wọ́n ta sórí òfì fún inú sàrí kò ní àwọ̀ tí mundhi nílò, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi òwú tuntun rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á mú òwú tuntun kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ìka yí i mọ́ òwú ti tẹ́lẹ̀, fọ́nrán kan sí fọ́nrán kan, títí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òwú tó wà ní ìbú aṣọ náà yóò fi tán. Petni ni wọ́n ń pe èyí. Ẹ bá wo sàrí náà dáadáa, ẹ óò rí ìlà tóóró tó ga díẹ̀, níbi tí àwọ̀ méjì ti dì mọ́ra, ibẹ̀ gan-an ni ìka ènìyàn ti kọjá. Sàrí tí wọ́n bá ṣe báyìí lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Àwọn tó mọ aṣọ máa ń sọ pé mundhi lè gbó, etí lè gbó, ojú ìsopọ̀ kò ní í já. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé inú korvai àti petni ni Kanchipuram wà. Ṣẹ́dà kan náà àti zari kan náà wà lárọ̀ọ́wọ́tó ẹnikẹ́ni tó bá lówó ní Íńdíà.

Òfin Íńdíà kò ṣàì rí ewu tó wà níwájú iṣẹ́ yìí. Òfin ọdún 1985 fi àwọn irú aṣọ kan sílẹ̀ fún òfì ọwọ́ nìkan, àwọn irú sàrí kan sì wà lára wọn. Òfin mìíràn, ti 1999, fàyè gba ìlú tàbí agbègbè láti forúkọ ọjà tó bá jẹ́ tiwọn sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà jí i lò. Abẹ́ òfin yìí ni wọ́n forúkọ ṣẹ́dà Kanchipuram sílẹ̀ sí ní 2005. Láti 2004 sì ni àjọ ìjọba tó ń bójú tó ṣẹ́dà ti gbé àmì kan jáde tó ń fi dá oníbàárà lójú pé ojúlówó ṣẹ́dà ni wọ́n tà fún un. Gbogbo èyí dára. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n ń wọ̀n: wọ́n ń wọ̀n ṣẹ́dà, wọ́n ń yẹ fàdákà àti wúrà inú zari wò, wọ́n ń béèrè ibi tí aṣọ ti wá. Kò sí èyí tó ń béèrè iye tó dé ọwọ́ ẹni tó hun ún. Nínú iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ahunṣọ kò ní ju òfì rẹ̀ lọ. Ọ̀gá oníṣòwò ló ń gbé òwú fún un, tó ń sọ ọnà tí yóò hun, tó sì ń sanwó fún un lórí sàrí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà, wọ́n sì ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Co-optex, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, ṣì ń bá àwọn ẹgbẹ́ náà ta aṣọ wọn. Ṣùgbọ́n bí wúrà àti fàdákà bá gbówó lórí, kò sí ẹni tó lè dúnàá dúrà pẹ̀lú wúrà. Owó ahunṣọ nìkan ni wọ́n lè fún pọ̀.

Ìkànìyàn àwọn oníṣẹ́ òfì ọwọ́ tí ìjọba Íńdíà ṣe ní 2019 sí 2020 ka oníṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Nínú ìdílé mẹ́ta, bíi méjì ló sọ pé owó tó ń wọlé fún àwọn kò tó rúpìì 5,000 lóṣù. Gbogbo Íńdíà ni ìṣirò yìí dúró fún, ahunṣọ ṣẹ́dà sì sábà ń rí ju ti òwú oko lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wo irú iye bẹ́ẹ̀ kó ní iṣẹ́ òfì ọwọ́ ń bọ́ àwọn tó ń ṣe é. Sinimá tí Priyadarshan ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kanchivaram, tó fún Prakash Raj ní ẹ̀bùn ìjọba àpapọ̀ fún òṣèré tó peregedé jù, sọ ìtàn ahunṣọ kan tó ṣèlérí sàrí ṣẹ́dà fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kò lówó tó lè rà á. Ó wá ń fi òwú ṣẹ́dà pamọ́ sẹ́nu jáde ní ibi iṣẹ́, díẹ̀díẹ̀. Ìtàn àròsọ ni, àmọ́ ibi tó ti gbòǹgbò kì í ṣe àròsọ: ẹni tó ń hun aṣọ ìyàwó fún gbogbo ìlú kò lè ra ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé òfì oníná ló tún ọ̀ràn náà ṣe. Ìlú mìíràn wà tí wọ́n ti ń hun aṣọ tó jọ ti Kanchipuram lórí òfì oníná, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń wa kẹ̀kẹ́ náà sì lè rí ohun tó jọ ti olówó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ṣé ó burú? Kò burú. N kò rí ìdí tí tálákà fi gbọ́dọ̀ sanwó àṣejù nítorí kí àṣà má baà parun. Ẹ̀sùn tí mo ní kò kan òfì oníná, ó kan àwọn tó ń ta iṣẹ́ rẹ̀ ní orúkọ Kanchipuram. Ẹni tó ra aṣọ òfì oníná ní iye owó òfì oníná, kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tó rà á ní iye owó òfì ọwọ́, ènìyàn méjì ni wọ́n rẹ́ jẹ: òun àti ahunṣọ tó yẹ kí owó náà dé ọwọ́ rẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù, tí a kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ sílẹ̀, ni ti àwọn ọmọdé. Mo ti sọ pé korvai nílò ẹni kejì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ kékeré ni ẹni kejì náà. Òbí yóò yá owó lọ́wọ́ olófì, ọmọ yóò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ san án, ọdún dé, ọdún lọ. Ohun tí àwọn baba wa ń pè ní ìwọ̀fà ni. Òfin Íńdíà ti fòpin sí irú rẹ̀ láti 1976, síbẹ̀ àjọ Human Rights Watch ṣì bá àwọn ọmọ nídìí òfì ṣẹ́dà ní Kanchipuram àti àwọn ìlú mìíràn, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2003. Ẹni tó bá ní kí iṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọmọdé ló ti ń jẹun parun, èmi kò ní í bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ro ohun tí òótọ́ yìí ń sọ nípa iye owó sàrí. Iye tí ọjà gbà pé ó tọ́ fún korvai, wọ́n ṣírò rẹ̀ nígbà tí ẹni kejì jẹ́ ọmọ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí ọmọ kúrò nídìí òfì lọ sí ilé ẹ̀kọ́, bó ṣe tọ́ kó lọ, kò sí ẹni tó fi owó àgbàlagbà rọ́pò tirẹ̀. Ìyàwó ahunṣọ ló wá jókòó sí àyè náà, owó kan náà ni wọ́n sì ń san fún tọkọtaya. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń fi korvai sílẹ̀, tí wọ́n ń hun sàrí ọlọ́kọ̀ kan tí ẹnì kan lè dá hun. Fífi ọmọ ṣe ìwọ̀fà dópin ní ilé wọ̀nyí. Iye owó tó bá a rìn kò dópin. Ẹni tó bá kórìíra iṣẹ́ ọmọdé ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn pé kí sàrí korvai gbówó lórí ju bó ti wà lọ, kí àgbàlagbà méjì lè jẹun lórí rẹ̀.

Àtakò kan tún wà tó ti inú ìlú náà gan-an wá. Láti lè fa òwú ṣẹ́dà gígùn tí kò já, omi gbígbóná ni wọ́n ń fi se kòkòrò náà mọ́ inú ilé rẹ̀. Chandrasekharendra Saraswati, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olórí ilé ẹ̀sìn Kanchi títí ó fi kú ní 1994, ń rọ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú wíwọ ṣẹ́dà nítorí ẹ̀mí tó ń bá a lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní ìdáhùn kan tí yóò pa á lẹ́nu mọ́. Kìkì ohun tí mo lè fi kún un ni pé ó ti ohun tí mò ń sọ lẹ́yìn: wọ́n ń fi korvai hun sàrí òwú oko náà, ó sì dùn ún wò. Bí ẹ̀rí ọkàn bá gba ṣẹ́dà kúrò lára aṣọ náà, ìsopọ̀ yẹn yóò ṣẹ́kù, Kanchipuram yóò sì ṣẹ́kù pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ńkọ́? Láti 1998 ni Hyundai ti ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní agbègbè Sriperumbudur, ilé iṣẹ́ mìíràn sì pọ̀ níbẹ̀, kò jìnnà sí àwọn ahunṣọ. Ọmọ ahunṣọ tó bá ríṣẹ́ síbẹ̀ yóò máa gba owó oṣù, yóò ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀yìn kò sì ní í máa ro ó kó tó pé ogójì ọdún. Kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a dúró ní orúkọ àṣà. C. N. Annadurai fúnra rẹ̀, tí wọ́n bí sí ìdílé ahunṣọ ní Kanchipuram ní 1909, kúrò nídìí òfì, ó kàwé, ó sì di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní 1967. Síbẹ̀, nígbà tí ọjà àwọn ahunṣọ kú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé aṣọ òfì ọwọ́ lé èjìká, wọ́n kiri rẹ̀ ní ìgboro. Ọ̀nà tí ọ̀dọ́ yóò fi padà sídìí òfì kò pọ̀. Kí iṣẹ́ náà lè san ohun tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń san ni, yálà ìjọba ló fi kún un ni o, tàbí oníbàárà.

Àwọn tó forúkọ ṣẹ́dà Kanchipuram sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní agbára láti ṣe èyí. Kí wọ́n kọ ọ́ sára àmì aṣọ náà bóyá korvai ni tàbí kì í ṣe korvai, kí wọ́n kọ iye ènìyàn tó hun ún àti owó iṣẹ́ tí wọ́n san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni kejì má sì jẹ́ ẹni tí kò lórúkọ mọ́. Bí wọ́n ṣe lè wọn fàdákà inú zari, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lè ka èyí. Ní ti oníbàárà, níbi yòówù kó wà, kó yí sàrí náà padà kó wo ojú ìsopọ̀, kó fi ìka wá ìlà petni, kó sì béèrè iye tó dé ọwọ́ ènìyàn méjì tó hun ún. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè dáhùn, ẹ má san owó Kanchipuram fún un.